Ẹnu Máíìkì Ló Ń To Fọ́tò

"Mo ní kó o dákẹ́! Ṣé ọmọ ẹ ni ọ̀gá ilé-ìwé yẹn, tó o fi ní kó fa ikùn sínú?"

"Ẹ̀gbọ́n, ikùn yẹn fẹ́ bo ìyàwó ẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú fọ́tò ni! Kí n máa wò ó níran?"

"Máa wò ó! Látòní lọ, iṣẹ́ tìẹ ni kó o máa gbé iná fọ́tò dání. Tó o bá tún la ẹnu sí kọ́sítọ́mà kan péré, lọ wá iṣẹ́ síbòmíì. Pé ìyá kan náà ló bí wa ò kàn mí."

Ẹ̀gbọ́n ló ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tò yẹn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tí eṣinṣin bá bà lé lẹ́ǹsì ẹ̀, á kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kó tó lé e. Àbúrò ẹ̀ obìnrin ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Máíìkì. Tó bá ń kí èèyàn níwájú ilé, ará ẹ̀yìnkùlé ló máa dáhùn. Àtikékeré ni wọ́n ti ń sọ pé ẹnu yẹn á kó o sí wàhálà. Àmọ́ ó fẹ́ràn iṣẹ́ fọ́tò ju oorun lọ, ló bá pa ẹnu dé, ó gbé iná.

Ní Sátidé, màmá arúgbó kan kó gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹ̀ wá. Fọ́tò kan ṣoṣo ló fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀. Ọmọkùnrin ẹ̀ méjì ń bá ara wọn yodì. Ọ̀kan wọ kóòtù, ó lọ fẹ̀yìn ti ògiri lọ́hùn-ún. Èkejì wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù, ó ń wo ojú fèrèsé. Mọ́tò lè gba àárín wọn kọjá láì fọn fèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ò bá ni yín lára, ẹ bá wa sún díẹ̀..." Ẹ̀gbọ́n ń wí bí ẹni ń gbàdúrà. Kò sẹ́ni tó mira. Ọ̀rọ̀ ń jó Máíìkì lẹ́nu bí ẹyin iná, ó gbé e mì. Kámẹ́rà kọ yẹ̀rì.

Kò pẹ́ ni màmá gbé fọ́tò padà dé, ó sọ ọ́ sórí káńtà, ó fìka kan àlàfo àárín.

"Ta ló kú síbí?"

Ẹ̀gbọ́n ń làágùn. "Màmá, ẹ má bínú, àwọn bọ̀dá ni wọn ò sún..."

"Ọmọbìnrin tó gbé iná ńkọ́? Mo rí i lọ́jọ́ yẹn, ó ń jẹ ètè bí aboyún tó ń rọbí. Kí ló fẹ́ sọ?"

Máíìkì wo Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀. Tóun bá sọ̀rọ̀ yìí tí ò bá bọ́ sí i, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Àmọ́ ẹnu tí wọ́n fi ń bú u yìí náà ló ní, kò ní òmíì nílé.

"Màmá, ẹ kó wọn padà wá. Èmi ni màá tò wọ́n."

Wọ́n dé.

"Bọ̀dá oníkóòtù! Ògiri yẹn ò ní wó, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ máa bọ̀! Bọ̀dá oníbúlúù, ìyá yín kọ́ ló wà lójú fèrèsé o! Ẹ gbọ́wọ́ lé èjìká ara yín. Ọwọ́ ni mo pè, mi ò pe ẹ̀ṣẹ́!"

Oníkóòtù le ojú. "Ta ni ọmọ yìí ń pàṣẹ fún?"

"Ẹ̀yin ni! Ẹ yá mi lójú yín fún ìṣẹ́jú kan, tá a bá ṣe tán, kí ẹ máa bínú yín lọ!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu oníbúlúù. Ni ti oníkóòtù náà bá bú jáde. Ọwọ́ ti dé èjìká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Fọ́tò yẹn ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù títí dòní. Kọ́sítọ́mà tó bá dé, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni, "Máíìkì wà ńbẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n ti ra irin tó ń gbé iná dúró, kọ́wọ́ àbúrò ẹ̀ lè ráyè júwe. Ohun tó kù kò ju gbólóhùn kan lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, gbèsè mi dà?" ó ní láàárọ̀ yìí.

"Gbèsè wo?"

"'Àbúrò mi, ìwọ lo jàre.' Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n wúkọ́. Ó mú aṣọ, ó ń nu lẹ́ǹsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó ń kùn ún lábẹ́ ètè.

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè," Máíìkì ní. "Mi ò gbọ́."