Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Miss Loretta

Ní Sátidé tó kọjá, elégédé kan já bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan níwájú ilé Dókítà, aládùúgbò wa tó ń gbé ní òdìkejì títì ní Stockbridge ní Georgia níbí, ó sì là sí méjì lórí kọnkéré. Èmi ń gbọn ewé kúrò lórí mọ́tò mi nígbà náà. Kí n tó gbójú sókè, òórùn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mi, òórùn tútù bíi ti bàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tó ní erùpẹ̀ díẹ̀ nínú. Láti ìgbà náà ni n kò ti lè jókòó sójú kan.

Kí ẹ má baà rò pé Dókítà fẹ́ se elégédé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọbìnrin náà àti ẹnì kejì rẹ̀ ló fi ọkọ̀ kó o wá, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn: wọ́n ń bá àwọn tí kò ráyè to elégédé síwájú ilé wọn fún ọ̀ṣọ́ ìgbà ìwọ́wé, nígbà tí ewé ń wọ́. Wọ́n kó funfun, wọ́n kó aláwọ̀ ewé, wọ́n kó èyí tó ní kókó lára tí ìyá tó mọ ọjà kò ní wò lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tò wọ́n bí ẹni pé ẹnì kan ti oko dé tó kàn sọ ẹrù kalẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tí ọ̀kan nínú wọn ń fi téèpù wọn àyè tó wà láàárín èyí àti èyí. Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi fóònù ya fídíò. Ó ké sí mi pé ohun tí òun gbájú mọ́ lọ́dún yìí ni ìgbésí ayé ìrọ̀rùn, bíi ti abúlé. Mo ní ó dára. Ẹni tó bá mọ iye tí ìrọ̀rùn ń jẹ lóde òní, wàhálà ni yóò yàn.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n ti ra koríko tí a dì ní ìdì-ìdì, wọ́n tò ó sí gbọ̀ngàn kí àwọn ènìyàn lè máa ya fọ́tò níbẹ̀. Arákùnrin tó sá fún oko bàbá rẹ̀ títí tó fi gba visa ló jókòó lé koríko náà lórí pẹ̀lú kóòtù àti táì, tó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ rò pé inú ṣọ́ọ̀bù ni ìgbà ìwọ́wé ti ń wá, ẹ jókòó. Èmi ni kò ní lè jókòó tì yín, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́ lórí ìdúró.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, Austell ni a ń gbé, nítòsí àgbàlá ńlá tí wọ́n ti ń so ọkọ̀ ojú irin pọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kọ lu ọkọ̀ níbẹ̀, gbogbo àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù wa á gbọ̀n. Bàbá mi náà dà bí àwo yẹn. Ó kàwé gboyè lórí ọ̀rọ̀ àgbàdo nílé, ó wá ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní McDonough. Orí ìdúró ló ti ń jẹun. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bó bá ń wẹ̀. Ibikíbi tí a bá kó dé, ọ̀sẹ̀ náà kò ní parí tí yóò fi máa wo ibòmíràn.

Opó kan tí a ń pè ní Miss Loretta ló ni ilé tí a ń gbé. Ilé tirẹ̀ àti tiwa wà lórí ilẹ̀ kan náà, kò sí ọgbà láàárín wọn. A kì í pè é ní Loretta lásán, nítorí ní Georgia náà, ọmọ tí a kọ́ kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Lease wa, ìwé tí a fi háyà ilé náà, máa parí lópin oṣù kẹwàá, Miss Loretta kò sì tíì sọ bóyá yóò fún wa ní òmíràn, torí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ń fẹ́ ilé náà. Màmá mi ń gbàdúrà nípa rẹ̀. Èmi ń gbàdúrà jù ú lọ, nítorí ilé ìwé kẹrin mi nìyẹn, ibẹ̀ sì ni mo ti kọ́kọ́ rí ọmọ tó ń gba àyè sílẹ̀ dè mí nínú bọ́ọ̀sì. Mo ṣèlérí fún Ọlọ́run pé bí a kò bá kó, n ó máa jẹ ẹ̀wà láìṣa àlùbọ́sà rẹ̀ kúrò.

Nínú oṣù kẹsàn-án ni ìyá màmá mi dé láti Ìgbájọ. Màmá Ìgbájọ ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń wọ jákẹ́ẹ̀tì bàbá mi lé ìró, ó sì ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí yóò máa wá ohun tí yóò gbá. Ní ìlú tirẹ̀, iwájú ilé ni ẹ̀rí pé onílé jí dáadáa. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí iwájú ilé àgbàlagbà kan kò tíì di gbígbá, aládùúgbò á kan ilẹ̀kùn wò bóyá ara rẹ̀ kò yá. Bí kò bá sì sí ọmọ nílé tí yóò gbá a, wọ́n á bá a gbá a, wọn kò ní sọ ọ́ di ọ̀rọ̀.

Bí oṣù kẹwàá ṣe wọlé ni Miss Loretta bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Kò ra nǹkan kan. Ó di pòròpórò àgbàdo mọ́ òpó. Ó gé ápù pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó sá a gbẹ, ó fi okùn sín in bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó gbé elégédé ńlá kan tí àbúrò rẹ̀ gbìn sórí àtẹ̀gùn. Ó fa òwú tín-ín-rín sí gbogbo igun títí ó fi dà bí ilé aláǹtakùn. Níkẹyìn, ó ki koríko gbígbẹ sínú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kan àti ṣòkòtò iṣẹ́, ó fi fìlà dé e lórí, ó gbé e jókòó sórí àga onígi tó máa ń mì síwá-sẹ́yìn. Ó se ẹ̀pà oníyọ̀ fún wa nínú ìkòkò ńlá, ó sì fi ṣúgà yíyọ́ mọ gúgúrú ní róbótó-róbótó. Gúgúrú yẹn ń lẹ eyín mọ́ eyín. Màmá Ìgbájọ ní òun ti wá mọ ìdí tí àwọn ará ibí fi ń gba imú sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó tọ́ ẹ̀pà náà wò, ó ní ẹni tó bá ń se ẹ̀pà tèèpo-tèèpo kì í ṣe àjèjì.

Ọkùnrin orí àga ni kò yé e. Láràárọ̀ ni yóò dúró sójú fèrèsé, tí yóò kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ kú òtútù." Bàbá kò ní dáhùn. Ó fẹjọ́ sun màmá mi pé bóyá ọkọ obìnrin yìí ń gbéra ga ni, tàbí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lẹ́nu. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti shift òru dé láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni, oorun ń kùn ún. Ó ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Màmá, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn," ó sì lọ sùn. Gbólóhùn yẹn ni a fi ń dáhùn gbogbo ohun tí a kò mọ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí oṣù parí, Miss Loretta lọ kí àbúrò rẹ̀ lóko. Kò sọ fún Màmá Ìgbájọ. Èdè wo ni ì bá fi sọ ọ́? Òjò rọ̀ mọ́jú. Ohun tí Màmá jí rí ni ilé tí ẹnikẹ́ni kò jáde níbẹ̀, aláǹtakùn tó ti gba gbogbo igun, àgbàdo tó gbẹ mọ́ òpó, àti bàbá arúgbó tí òjò pa lórí àga tí kò sẹ́ni tó gbé e wọlé. Ó mú ìgbálẹ̀.

Nígbà tí mo ti ilé ìwé dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Miss Loretta ń dán bí àwo. Òwú ti lọ, ápù ti lọ, pòròpórò ti wà nínú garawa ìdọ̀tí. Ṣẹ́ẹ̀tì búlúù àti ṣòkòtò náà ń kán omi lórí okùn tí Màmá ta láàárín igi méjì. Elégédé ń hó lórí sítóòfù wa pẹ̀lú ata àti edé, hóró rẹ̀ sì wà lórí atẹ́ níwájú ilé, níbi tí Màmá ń sá a sí.

"Koríko ni mo ti ń kí láti ìjọ́ yìí," ó wí fún mi. "Ó tiẹ̀ dára tí kò dáhùn."

Màmá mi gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Bàbá mi gbọ́, ó ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí ìdúró: olè jíjà, ìbàjẹ́ dúkìá, visa Màmá, lease wa. Òun ni lọ́yà, òun ni adájọ́, òun náà ló sì dá wa lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ó gba inú mọ́tò lọ. Nígbà tó padà dé, ọ̀mọ̀wé àgbàdo kò rí pòròpórò àgbàdo kan ṣoṣo rà ní gbogbo Austell. Òwú aláǹtakùn inú ọ̀rá ló rí. Ó gun àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Miss Loretta, ó rí bí àwọ̀n apẹja. Màmá Ìgbájọ dúró nísàlẹ̀, ó ń wò ó.

"Dádì," ó rọra pè é, nítorí kì í fi ọkọ ọmọ rẹ̀ wọ́lẹ̀, "ẹ̀yin tí ẹ kàwé, aláǹtakùn lẹ wá ń so rọ̀ yẹn?"

Màmá mi ló wá ṣàlàyé fún un pé ọ̀ṣọ́ ni, bí a ṣe máa ń so màrìwò sára ṣọ́ọ̀ṣì nígbà Ìkórè, àti pé bí inú bá bí Miss Loretta, a lè máà ní ibi tí a ó sùn sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá lọ gbé atẹ́ hóró náà wọlé. Lẹ́yìn náà ó ní kí gbogbo wa wá sídìí tábìlì, pé a kì í fi ọwọ́ òfìfo bẹ ẹni tí a ṣẹ̀.

A bó hóró elégédé náà. Màmá kọ́kọ́ yan án nínú páànù kí èèpo rẹ̀ lè gbẹ, síbẹ̀ ó le ju ti ẹ̀gúsí lọ, ó ń jẹ èékánná. Bàbá mi pẹ̀lú jókòó. N kò rí i kó jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà láàárín èèpo lórí tábìlì, kò bojú wò ó. Màmá fi ìgò lọ hóró náà, ó pò ó mọ́ ata àti iyọ̀, ó fún un títí epo fi ń jáde láàárín ìka rẹ̀, ó mọ ọ́n ní kéékèèké, ó dín in. Ó di róbó. Àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ jọ ti ewé, ṣùgbọ́n róbó ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Miss Loretta dé. Ó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn rẹ̀, kò gbé báàgì kúrò nínú mọ́tò. Òwú bàbá mi pàápàá kò sí níbẹ̀ mọ́. Màmá ti tún gbá a láàárọ̀, ó ní ojú òun kò gbà á. Bàbá mi wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Màmá gbé atẹ́ jáde. Ó ti lọ aṣọ náà, ó ti ká a, ó sì gbé abọ́ róbó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ni ògbufọ̀. Mo sọ pé a wá tọrọ àforíjì.

Miss Loretta kò wò mí. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó tú u, ó fi ìka tọ ọrùn rẹ̀, níbi tí Màmá ti fi abẹ́rẹ́ rán ibi tó ya. Ó béèrè ẹni tó lọ̀ ọ́. Mo ní ìyá mi àgbà ni. Ó wá sọ fún mi pé ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ òun ni. Láti ìgbà tó ti kú, òun kò lè fi tọrẹ, òun kò sì lè fọ̀ ọ́. Ìgbà ìwọ́wé nìkan ni òun ń láyà láti gbé e wọ koríko, kí òun lè rí ẹni tó jókòó síbẹ̀ bí òun bá ń ti ibì kan bọ̀.

Màmá ní kí ló wí. Mo tú u fún un. Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì náà pẹ́.

"Sọ fún un," ó ní, "pé ti bàbá ìyá rẹ wà nínú àpótí mi nílé. Èmi náà kò tíì fọ̀ ọ́."

Gẹ̀ẹ́sì mi kò pọ̀ tó ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Miss Loretta jókòó sórí àga tí koríko ti jókòó sí, ó fa òmíràn fún Màmá. Wọ́n jẹ róbó náà. Omi ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Oníkálukú sọ ọ́ ní èdè tirẹ̀ pé ata ni.

Ìgbà náà ni bàbá mi tó jáde. Ó wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì ńlá sọ̀rọ̀ nípa dúkìá àti bí òun yóò ṣe san án padà. Miss Loretta jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó wá yíjú sí mi bí ẹni pé bàbá mi náà ń fẹ́ ògbufọ̀.

"Sọ fún dádì rẹ kó jókòó," ó wí. "Ilé náà tiyín ni, títí yóò fi sú yín."

Bàbá mi jókòó sétí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń gbọ̀n.

Màmá Ìgbájọ padà sílé kí Kérésìmesì tó dé. Nígbà tí ewé tún ń wọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Miss Loretta tún fa òwú, ó tún di pòròpórò, ṣùgbọ́n kò sí koríko lórí àga mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń jókòó síbẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù náà, ó ká apá rẹ̀ sókè, ó ń bó ẹ̀pà. Ilé tí wọ́n fún wa títí yóò fi sú wa, kò pẹ́ tó fi sú bàbá mi. Ẹnikẹ́ni kò lé wa. A kó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilé ìwé ti gba ìsinmi, ọmọ tó ń gba àyè dè mí nínú bọ́ọ̀sì kò sì mọ̀. Mo ti jẹ àlùbọ́sà fún ohun tó lé ní ọdún kan ààbọ̀.

Lóde òní, ta ni yóò gbá iwájú ilé ẹlòmíràn? Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà yóò ti fi àwòrán yín ránṣẹ́ kí ẹ tó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ọjọ́ Sátidé yóò padà wá kó elégédé Dókítà lọ, ọ̀kan nínú rẹ̀ kò ní fojú kan iná. N kò sọ pé ayé ìgbà náà sàn ju èyí lọ o. Eku ló ń gbé inú pòròpórò Miss Loretta, gúgúrú rẹ̀ sì yọ eyín mi kan. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹni tí ẹ̀rù lílé bá ti bà rí, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dìde, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un lága.

Orúkọ mi ló wà lórí ìwé ilé tí mò ń gbé yìí. Síbẹ̀, bí ewé bá ti ń pọ́n, orí fóònù ni n ó wà, tí n ó máa wo ilé tí wọ́n ń tà ní ìlú tí n kò dé rí. Lánàá, ọmọ mi obìnrin bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo ní kò sí. Mo fi fóònù sílẹ̀, mo jókòó tì í lórí àga gbọọrọ. Ó wo orúnkún mi tó ń gbọ̀n, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.