Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Láti Ilẹ̀

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí mo wọ gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Inísà. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, n kò sì tíì ríṣẹ́. Ìyá onílé-ẹ̀kọ́ ti là á yé mi pé: "Olùkọ́ tí kò lè bá òbí sọ̀rọ̀, n ò lè gbà á. Wá bá wọn sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé wa. Bó bá wọ̀ wọ́n létí, o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi dúró níwájú dígí nílé wa ní Ìkìrun, tí mò ń sọ̀rọ̀, tí mò ń ju ọwọ́. Màmá mi kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan: "Ìwọ àti ta lẹ jọ ń jà níbẹ̀ yẹn?" Mo ní ọ̀rọ̀ sísọ ni mò ń kọ́. Wọ́n ní, "Èyí tí o ti ń sọ láti ọmọ ọdún méjì?" Wọn ò mọ bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí tó. Ó ń ṣe mí bíi pé gbogbo ojú tó bá wò mí ló mọ ohun tí èmi fúnra mi kò mọ̀ nípa ara mi. Ìwé kékeré kan tí mo rà ní Òṣogbo ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ní kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ má fi ìkíni fàkókò ṣòfò, kí ó lọ tààrà sórí kókó ọ̀rọ̀. Mo gbà á gbọ́ bí ẹni gba Bíbélì gbọ́.

Bí wọ́n ṣe pè mí, mo nà ró, mo ní: "Kí lẹ fẹ́ kí ọmọ yín dà?"

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló wọ̀ wọ́n lára. Bàbá arúgbó kan tí wọ́n wá láti Òkukù nítorí ọmọ-ọmọ wọn bá fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló fún ẹ láyè? O ò kí wa, o ò tọrọ gáfárà, ìbéèrè lo ń bi wá! Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́?"

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn: "Ẹ fún un ní báírò, kó gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa sílẹ̀!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí mo há sórí fò lọ. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ilé ló gbé mi lulẹ̀ tàbí ẹ̀rù, mo kàn rí i pé mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, imú mi ń kan sìmẹ́ńtì. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí." Láti ilẹ̀ yẹn, níbi tí n kò ti rí ojú ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Mo ní nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń mọ ìdáhùn ní kíláàsì, ṣùgbọ́n n kì í lè nawọ́; pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nílé tiwọn náà, mo sì fẹ́ jẹ́ olùkọ́ tí yóò ní sùúrù dúró dè é.

Nígbà tí mo dákẹ́, bàbá Òkukù ní, "Bọ́mọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Dìde, tíṣà."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́; ọdún márùn-ún ti kọjá báyìí. Láti ìgbà náà, n kì í sọ̀rọ̀ níwájú àgbà láìkọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo ní ẹ̀kọ́; èmi nìkan ló mọ̀ pé orí ilẹ̀ ni mo ti ń ṣa ohùn mi jọ. Ṣùgbọ́n ìyá onílé-ẹ̀kọ́ ní láti sáà tó ń bọ̀, èmi ni n ó máa bá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ níbi àpéjọ òwúrọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n ojú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà yàtọ̀; oorun ti dá lójú mi. A kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti wá ohùn mi báyìí?