Ìyá Ìyàwó Mi àti Ìdáríjì Rẹ̀

Gbólóhùn kan wà lẹ́nu ìyá ìyàwó mi, ẹlẹ́ja ní Bàrígà, tó máa ń sú mi: "Mo ti dárí jì í." Nígbà tí ọ̀gá káńsù wó àgọ́ tí wọ́n ti ń yan ẹja, ohun tí wọ́n sọ náà nìyẹn. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà yìí, kò sí atẹ̀wé tó tó mi ní gbogbo Ṣómólú, ẹ lọ béèrè. Mo fi lẹ́tà pupa tẹ ọ̀rọ̀ kan sórí páálí tá a máa gbé lọ sí káńsù: Ẹ ṢÀÁNÚ OPÓ.

Ìyá ìyàwó mi ní, "Àna mi, ta ló sọ pé àánú ni mò ń wá?" Wọ́n fi páálí mi fẹ́ná.

Nígbà tá a dé káńsù láàárọ̀, wọ́n ṣàdúrà fún ọ̀gá náà, wọ́n ní àwọn ti dárí jì í, wọ́n wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Mo ní, "Mọ̀mí, ẹ sunkún díẹ̀, kí ọ̀gá yìí lè mọ̀ pé òun fìyà jẹ wá."

"Tó bá ń wù yín, ẹ̀yin ẹ sun ún."

Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kú níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá náà jáde, ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Ìyẹn ti parí láàárọ̀, ọmọ mi. Àgọ́ ẹja mi ni mò ń dúró dè."