Wákàtí Mẹ́fà Tí Olùkọ́ Ògúnṣínà Kò Gbọdọ̀ Ká Ẹsẹ̀

Zacharie Akínọlá Ògúnṣínà, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, olùkọ́ àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì sí Sakété. Fún ọdún mẹ́rìndínlógójì tí ó fi kọ́ ọmọ ní Issaba àti Pobè, ohun mẹ́ta ni kò fàyè gbà: ariwo, pípẹ́ dé, àti ọmọ tí yóò nawọ́ pé òun fẹ́ lọ tọ̀ kí agogo tó lù. Ó máa ń wí pé, “Ẹni tí kò lè pàṣẹ fún àpò ìtọ̀ rẹ̀, kí ni yóò pàṣẹ fún?”

Nígbà tí ẹyinjú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè, dígí ni ó dá lẹ́bi. Ó nù ún fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Dókítà kan ní Kútọnu kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Jẹjẹrẹ ti dí ojú ọ̀nà tí òróǹro ń gbà jáde nínú ẹ̀dọ̀, ọ̀bẹ kò sì lè dé ibẹ̀. Wọn yóò ti okùn oníhò tín-ín-rín bọ òpó ẹ̀jẹ̀ níbi tí itan ti so mọ́ ikùn, kí ó gòkè dé ẹ̀dọ̀, kí wọ́n lè da oògùn sí ojú àrùn náà gan-an. Lẹ́yìn náà, wákàtí mẹ́fà lórí ìdùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọnrangandan. Bí ó bá ká a, ojú ihò náà lè ṣí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè dà títí ẹ̀mí yóò fi bọ́.

“Mẹ́fà péré? Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣọ́ ìdánwò lórí ìdúró!”

Nígbà tí ó fi máa di wákàtí kan àbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fa okùn náà yọ, ìtọ̀ ti ń gbọ̀n ọ́n. Mireille, olùtọ́jú aláìsàn, ọmọ Issaba tí Zacharie fúnra rẹ̀ kọ́ ní ìwé, gbé ike ìtọ̀ wá.

“Gbé e kúrò. Ẹsẹ̀ mi ni màá fi lọ.”

“Ẹ ò lè dìde, Bàbá Olùkọ́.”

“Ta ní ń pàṣẹ fún ta ni?”

“Ẹ̀yin lẹ ni kíláàsì, èmi ni mo ni yàrá yìí. Ẹ tọ̀ síbí, àbí kí ẹ dúró de agogo.”

Mọ́rìnọ́lá, ìyàwó rẹ̀, fi ìborùn bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. “Bàbá Franck, ẹ kúkú tọ̀. Kí ló wà níbẹ̀ tí a ò rí rí?”

Zacharie dijú, ó ń ka olú ìlú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà sínú. Kò ì tíì ka mẹ́wàá tí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́ ká. Mireille fọwọ́ tẹ itan náà mọ́lẹ̀.

“Bàbá! Ẹ̀jẹ̀ yín là ń ṣọ́ níbí, kì í ṣe iyì yín.”

Ó gbà.

“Ogún nínú ogún,” ni Mireille wí.

“Mẹ́jọ ni kí o fún mi. Mo pẹ́ kí n tó dáhùn.”

Láti Sakété dé Pobè, ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri ni pé Olùkọ́ sùn bí òkúta fún wákàtí mẹ́fà, kò mira, kò tọ̀, jẹjẹrẹ náà sì ti pòórá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí wọ́n yà lẹ́yìn ìtọ́jú kẹta fi hàn pé ó súnkì. Kò tíì lọ. Ní ti ìtọ̀, wákàtí méjì kò pé, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mireille ni ó sì di ike náà mú.