Bí Mo Ṣe Mú Ìyá Túnjí Lọ Sinmi ní Ìhà Arámọkọ

Ẹ̀yin ará ilé, aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ Sátidé kan ni èmi àti Ìyá Túnjí, ìyàwó mi, jáde nílé wa ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn. A ń yọ́ rìn kí ìyá mi má baà jí. Àṣé ó ti jí. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pákò lẹ́nu, ó wo àga kánfáàsì méjì tí mo gbé rù, ó sì bi mí pé òkú ta ni a fẹ́ lọ sin. Mo ní a kò lọ sin òkú, a ń lọ sinmi ni. Ó yọ pákò lẹ́nu. Ó ní, 'Ẹ óò jókòó nínú mọ́tò láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán kí ẹ lè sinmi,' ó sì dá pákò padà sẹ́nu.

Akọ̀wé ni mí nílé iṣẹ́ ìjọba. Láti ìgbà tí a ti gba òmìnira, ọ̀gá wa tí ó jókòó sórí àga òyìnbó ti gba ìwà òyìnbó náà mọ́ àga. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti parí, yóò gbé ìyàwó rẹ̀ sínú mọ́tò, ó di ilé ìsinmi ìjọba lórí òkè kan. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè yóò padà dé, ojú rẹ̀ á máa dán, kò sì ní bínú sí ẹnikẹ́ni títí di ọ̀sán. Òun ni ó kọ ìwé kékeré fún mi tí mo fi rí yàrá gbà.

N kò ní purọ́ fún yín, ìsinmi nìkan kọ́ ni mo bá lọ. Ìyá Túnjí ti ṣe olùkọ́ kí a tó bímọ. Oṣù méjì ṣáájú ìrìn àjò yìí ni ìwé dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ pé wọ́n ti gbà á, kí ó wá lo ọdún méjì lọ́dọ̀ wọn, kí ó sì fèsì kí oṣù tí a rìnrìn àjò yìí tó parí. Ó ku ọjọ́ márùn-ún péré. Ìgbàkigbà tí ó bá bi mí, mo máa ń sọ pé àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéré. Mo rò ó pé bí mo bá fún un ní ìgbádùn àwọn ọlọ́lá fún ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yóò tán nínú rẹ̀. Ẹ má bú mi. Èmi náà ti bú ara mi.

Ṣílè méje àti sísì ni owó ọkọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. A jẹ ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ní Iléṣà, sísì ni ó tó fún àwa méjèèjì láti yó. Láti Iléṣà lọ ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Alààyè ń lọ́ kiri ẹ̀gbẹ́ òkè débi pé mo rí ẹ̀yìn mọ́tò wa láti iwájú rẹ̀, tàbí kí n sọ pé ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi nítorí ojú mi ti ń pòòyì. Níbi tí òkè náà ti le jù, awakọ̀ wa, Làmídì, dá mọ́tò dúró, ó ní kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ó ní kí á gbé ẹrù tí ó bá wúwo dání. Bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mo ń lọ sinmi ṣe gbé àga méjì gun òkè Ẹ̀fọ̀n lẹ́sẹ̀, nínú ṣòkòtò funfun.

Nígbà tí Làmídì dúró dè wá lókè, ó bi mí pé, 'Alàgbà, kí ni ẹ fẹ́ fi àga yẹn ṣe?'

Mo ní, 'A fẹ́ jókòó lé e, kí á máa wo òkè.'

Ó wo òkè yí ká, nítorí òkè ni ó yí wa ká lóòótọ́. Ó ní, 'Ẹ wò ó nísinsìnyí nígbà náà. Kò sí owó rẹ̀ nínú owó ọkọ̀.'

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù ju ti Ìbàdàn lọ. A kọjá oríta Ìtàwùré, a dé Arámọkọ, a sì wọ ọkọ̀ mìíràn ní ṣílè kan sí ọ̀nà Ìjerò. Wọ́n sá kòkó sórí ẹní lẹ́bàá ọ̀nà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo inú ọkọ̀. Iṣu tí à ń ra ẹyọ kan ní ṣílè méjì ní Ìbàdàn, òkìtì rẹ̀ ni ó wà lẹ́nu ilé wọn bí igi ìdáná. N kò ní dárúkọ abúlé tí a sọ̀kalẹ̀ sí, nítorí àwọn àgbà rẹ̀ wà láàyè, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́.

Bàbá Sùlé ni ó ń tọ́jú ilé ìsinmi náà, Mùsùlùmí ọlọ́yàyà kan tí ó tún ń ta obì. Ilé náà ní yàrá méjì, fàráńdà gbọọrọ, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí, àti ìkòkò omi tí ó tutù nini. Ṣílè mẹ́rin ni owó òru kan. Bàbá Sùlé gba ìwé ọ̀gá mi, ó wo ẹ̀yìn wa bóyá àwọn yòókù ń bọ̀.

Ó ní, 'Àwọn ọmọ ńkọ́?'

'Wọ́n wà nílé.'

'Ta ni ẹ wá kí níbí?'

'A kò mọ ẹnì kan.'

'Kí ni ẹ wá rà?'

Mo ní a kò wá ra nǹkan kan, a wá sinmi ni. Ó ní, 'Alhamdulilahi,' ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ó sì gba ọ̀nà ìlú lọ kánkán.

A tẹ́ àga wa sí iwájú fàráńdà, a jókòó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè. Obìnrin kan tí ó ń ti oko bọ̀ dúró, ó wo wá, ó yíjú wo òkè, ó sì sọ ẹrù kalẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì dé, wọ́n dúró tì í. Kí aago mẹ́ta tó lù, bí ènìyàn mẹ́rìnlá ni ó ń wo òkè náà pẹ̀lú wa. Ọ̀kan nínú wọn wá bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ṣé iná ló sọ níbẹ̀ ni. Mo ní rárá. Ó bínú, ó ní kí ni gbogbo wa wá ń wò láti ọjọ́ yìí.

Lẹ́yìn èyí ni oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. 'Uyán' ni wọ́n ń pe iyán, 'ulé' ni wọ́n ń pe ilé. Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò lè sọ pé òun ti yó. Níbẹ̀, bí o bá ní o ti yó, wọn yóò rò pé o kò fẹ́ràn ẹni tí ó gún un. Abọ́ uyán mẹ́ta ni ó dé láti ilé mẹ́ta kí oòrùn tó rọ̀. Ní abọ́ kẹta, mo tú bẹ́líìtì mi. Ìyá Túnjí wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn, inú mi sì dùn púpọ̀.

Mo ní, 'Ìyá Túnjí, ayé yìí dùn.'

Ó ní, 'Ó dùn. Bàbá Túnjí, ìwé yẹn ńkọ́?'

Mo ní kí ó wo ẹyẹ kan báyìí lórí igi. Kò sí ẹyẹ kankan lórí igi.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún, àgbà méjì gòkè wá. Bàbá Ògúnlàdé, àgbẹ̀ tí ó tún jẹ́ olórí ilé àwọn ọdẹ, ni ó ṣáájú. Yeye Adéọlá tẹ̀ lé e. Bàbá Sùlé dúró lẹ́yìn wọn, ó ń wolẹ̀. Nígbà náà ni mo mọ ohun tí ó bá lọ sí ìlú.

Bàbá Ògúnlàdé jókòó, ó ní, 'A gbọ́ pé ẹ dé. Ọkọ àti aya, kò sí ọmọ, kò sí ará, kò sí ọjà. A ti wo ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Ujà ni. Ujà tí ẹ kò lè jà lójú àwọn ará ulé yín ni ẹ gbé wá sórí òkè. Kò burú. Ẹ rò ó fún wa.'

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò sí ìjà kankan, pé ìsinmi ni.

Yeye Adéọlá ní, 'Sinmi kúrò níbi kí ni? Ẹni tí ó bá rẹ̀, ulé rẹ̀ ni í sùn sí.'

Mo ṣàlàyé nípa àwọn òyìnbó, nípa ọ̀gá mi, nípa afẹ́fẹ́ tútù. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tí mo parí, Bàbá Ògúnlàdé dìde, ó ní àwọn yóò padà wá lọ́la, pé ọ̀rọ̀ tí ó bá wúwo kì í jáde lọ́jọ́ kan.  Ìyá Túnjí ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n padà dé lóòótọ́ ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí a jẹun tán. Bàbá Ògúnlàdé mú àdá kan dání. Ó gbé e sílẹ̀ láàárín wa jẹ́jẹ́.

Ó ní, 'Èmi kò fẹ́ dà yín láàmú. Ní ulé wa, bí ọ̀rọ̀ bá rú ni lójú, irin ni a ń bi. Ọkùnrin, fi ẹnu kan àdá yìí, sọ pé kò sí nǹkan láàárín ìwọ àti aya rẹ, a ó sì lọ sí ulé wa.'

Ẹ gbọ́, Kìrìsítẹ́nì ni mí. Mo ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo ní Bíbélì lẹ́nu àpótí mi. Mo rò pé irin lásán ni, mo sì na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ mi dé ìdajì, ó dúró. Nítorí nǹkan wà láàárín wa, mo sì mọ̀, ìyàwó mi tí ó jókòó tì mí mọ̀. Gbogbo wọn wo ọwọ́ mi. Ìtìjú mú mi débi pé n kò lè nà án síwájú, n kò sì lè fà á padà.

Ìyá Túnjí ní, 'Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Bàbá. Nǹkan wà.' Ó sì rò ó: ìwé, ọdún méjì, ọjọ́ tí ó kù. Kò bú mi. Ì bá sàn kí ó bú mi.

Bàbá Ògúnlàdé yíjú sí mi. 'Kí ni ìdí tí kò fi ní lọ?'

Mo ní, 'Àwọn ọmọ kéré, Bàbá.'

Yeye Adéọlá sún mọ́ mi. 'Lọ́dọ̀ ta ni wọ́n wà lónìí?'

'Lọ́dọ̀ ìyá mi.'

'Nígbà tí ìwọ fẹ́ jókòó sórí aṣọ kí o máa wo òkè, ìyá rẹ tó tọ́jú wọn. Nígbà tí aya rẹ fẹ́ kọ́ uṣẹ́, wọ́n wá kéré.'

Bàbá Sùlé yára wo ibòmíràn.  Mo wo òkè tí mo wá wò, òkè náà kò ràn mí lọ́wọ́.

Mo wá sọ òtítọ́. Mo ní ìyá mi ni kò fẹ́. Pé ó ti sọ fún mi láti ọjọ́ kìíní pé bí Ìyá Túnjí bá lọ, òun yóò padà sí abúlé. Mo ní n kò lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n kò sì lè bá ìyá mi jiyàn, ni mo ṣe ń fi àwọn ọmọ bo ara mi.

Ìyá Túnjí yíjú sí mi. Ó ní, 'Mo rò pé ẹ̀yin ni ẹ kò gbà pé mo lè ṣe é.'  Mo ní mo gbà, mo ti gbà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí jù lọ, pé fún oṣù méjì gbáko ni obìnrin náà ti ń sùn tì mí pẹ̀lú irú èrò bẹ́ẹ̀.

Ìdájọ́ wọn kò gùn. Bàbá Ògúnlàdé ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ìyá mi, lójú ìyàwó mi, kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní bí mo bá kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀, n ó jókòó. Bí mo bá jókòó, n ó mu omi. Bí mo bá mu omi, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀la. Àṣé ọkùnrin náà ti mọ̀ mí tán. Mo fún òun àti Yeye Adéọlá ní àga kánfáàsì méjèèjì. Wọ́n gbà á, wọ́n sì di iṣu ńlá mẹ́wàá fún wa, wọ́n kọ̀ láti gba kọ́bọ̀.

Làmídì náà ni a tún bá pàdé ní Arámọkọ. Ó bi mí bóyá mo sinmi. Mo ní mi ò sinmi rárá, ṣùgbọ́n ara mi fúyẹ́. Ìyá Túnjí sùn lé mi léjìká láti Iléṣà dé Ìbàdàn, ibẹ̀ nìkan ni ẹni kan ti sinmi nínú gbogbo ìrìn àjò náà.

Ìrọ̀lẹ́ ni a wọlé. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ yí i ká. Mo dúró pẹ̀lú iṣu lórí, ọrùn mi ń rì wọnú èjìká.

Mo ní, 'Ìyá mi, Ìyá Túnjí ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọdún méjì. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ sí abúlé, a nílò yín.'

Ìyá mi wò mí, ó wo ìyàwó mi, ó wo iṣu. Ó ní, 'Sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ kí ọrùn rẹ má ṣẹ́.' Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Túnjí fi èsì ìwé náà ránṣẹ́.

Bí ẹ bá bi mí ní ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi, òun ni pé ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ nílé, kí ó rò ó nílé. Yóò dín owó ọkọ̀ kù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyá mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a nínú yàrá pẹ̀lú Ìyá Túnjí, ìyá mi ń bá a di ẹrù kọ́lẹ́ẹ̀jì.