Ohùn Ọmọ Lórí Fóònù

Kí gbogbo ayé dìde fún tíṣà kíláàsì àkọ́kọ́ ilé ìwé wa ní àdúgbò Gounghin, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́mọ, nítorí kò sí ayaba tó mọ fọ́tò yà tó o. Orí fóònù ló ń kó fọ́tò àti ohùn àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sí, àwọn òbí sì ń wò ó láti ilé. Kó tó ya ọmọ, á kọ́kọ́ nu imú rẹ̀. "Rẹ́rìn-ín, chérie, olólùfẹ́ mi, màmá ń wò ẹ́." Bó bá kan ìwé kíkà, á sọ gbólóhùn náà sí ọmọ létí, á wá tẹ fóònù kó máa gba ohùn sílẹ̀, ọmọ á tún un sọ ketekete.

Ìyá kan tó ń ta páàtì mọ́tò máa ń fi ohùn ọmọ rẹ̀ yangàn fáwọn oníbàárà. "Ẹ gbọ́ Faransé!" Lọ́jọ́ kan, ó ní kí ọmọ náà ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ọjà. Ọmọ wò ó títí. "Màmá, tíṣà ò tíì sọ ọ́ sí mi létí."

Ìyá náà sunkún wá bá wa nílé ìwé. "Tíṣà, ọmọ mi ò mọ̀wé kà!"

Tíṣà ní, "Màdáámù, ṣebí fọ́tò rẹ̀ dára?"

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Kíláàsì kejì ni mò ń kọ́. Èmi náà ń sọ ọ́ sí wọn létí.