Àṣìṣe Táyé, Àṣìṣe Kẹ́hìndé

Lánàá, mo gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ mi láti inú yàrá. Ìwé ló ń kà fún ìdánwò yunifásítì, ó ń ka ohun kan náà lákàtúnkà bí ẹni ń kéwú: àṣìṣe kìíní, àṣìṣe kejì, èwo ni èwo? Ó pòṣé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Ní ìlú Enugu, kí ogun tó dé, mo mọ obìnrin kan tí àṣìṣe méjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ lé kúrò nílùú.

Àǹtí Sàfúrátù ni, àbúrò bàbá mi. Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi, ọmọ Ọ̀fà. Àdúgbò Niu Haven là ń gbé, nínú ilé kan tí àwa àti àwọn Ìgbò ti jọ ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ kan. Pìjìnì ló yọ̀ mọ́ àwa ọmọdé lẹ́nu ju Yorùbá lọ, èyí a sì máa bí ìyá mi nínú. Tíṣà ni Àǹtí, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, ṣùgbọ́n ó tún ń kọ́ ẹ̀kọ́ sìtàtísíìkì, ìṣirò tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀rí, láti òkè òkun. Wọn a fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, òun náà a ṣe é, a fi í ránṣẹ́ padà. Ó ti kùnà nínú ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi ní bó bá tún kùnà, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kó padà sí Ọ̀fà, kó lọ bá ìyá wọn ta obì.

Ìṣirò kò ṣòro fún un. Àṣìṣe méjì yìí, tí ẹ̀kọ́ náà pè ní ìkíní àti ìkejì, ni kì í dúró sí i lórí. Nígbà tó sú u, ó sọ wọ́n di àlọ́, ó ń pa á fún wa nírọ̀lẹ́. Ó ní ìlú kan wà tí wọ́n ń gba ààwẹ̀. Lémọ́ọ̀mù wọn ní ààwẹ̀ kò tíì parí, àfi bí ẹ̀rí tó dájú bá fi hàn pé oṣù ti lé. Àwọn ìbejì kan ló ń bá wọn wo ojú ọ̀run. Ní ọdún kan, Táyé rí àtùpà awakùsà kan tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, ló bá figbe ta pé oṣù lé. Gbogbo ìlú túnu, ààwẹ̀ sì wà nílẹ̀ síbẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kan Kẹ́hìndé. Oṣù yọ tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ìkùukùu, ó ní kì í ṣe nǹkan kan. Wọ́n gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, èyí tí ẹ̀sìn kọ̀. Kí èèyàn rí ohun tí kò sí, àṣìṣe kìíní nìyẹn. Kí nǹkan wà kéèyàn má rí i, ìyẹn ni ìkejì. Àǹtí a sì máa fi kún un pé bí a kò bá rí oṣù, a kò sọ pé oṣù kò sí o; a kàn sọ pé a kò tíì rí i ni.

Àlọ́ náà dùn, àmọ́ òun náà ló kó o sí wàhálà. Iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ padà dé pẹ̀lú tàdáwà pupa: ó ti gbé ìkejì sípò ìkíní. Ọmọ Yorùbá tó jẹ́ ló kó bá a. Ta ni kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé kó lọ tọ́ ayé wò? Nígbà tó jókòó ti ìwé, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á kó ka àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti bá onímọ́tò Ọ̀fà sọ̀rọ̀.

Àǹtí kò sunkún níwájú wa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó tún àlọ́ náà ṣe. Ó ní kí èmi jẹ́ Táyé, kí Ngozi, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé yàrá kejì sí wa, jẹ́ Kẹ́hìndé. Ó tì wá mọ́ yàrá, ó ní inú ìyá wa nìyẹn. Bó ti ṣílẹ̀kùn, mo fò jáde, mò ń pariwo, "Oṣù lé! Oṣù lé!" Ngozi rọra ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń yán bí àgbàlagbà.

"Mi ò bi yín ta lẹ̀gbọ́n o," Àǹtí wí. "Ta ló kọ́kọ́ jáde?"

"Na Táyé!" la jọ dáhùn. "Àṣìṣe tirẹ̀ ni ìkíní nìyẹn," Àǹtí wí.

Ojoojúmọ́ là ń ṣe é títí ìdánwò fi dé, débi pé àwọn obìnrin tó ń pọnmi náà ń bá wa dáhùn.

Ó yege. Bàbá mi ka èsì náà, ó tún un kà, ó wá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó máa ń tọrọ àforíjì.

"Sàfúrátù, díẹ̀ ló kù kí n dá ẹ padà."

Àǹtí kúnlẹ̀. "Ẹ ò dá mi padà, Bọ̀dá mi. Ẹ ṣé."

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. A kúrò ní Enugu nígbà tí ìlú gbóná, n kò sì mọ ibi tí Ngozi wọlé sí. Ó ṣì ń dùn mí. Fóònù ló ń sọ fún wa báyìí pé oṣù lé, ẹni tó ń gbójú sókè kò pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ò tíì yéé dájọ́ ọmọ kíákíá, èmi náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ti sọ fún mi pé ọmọ kan kò lè já mọ́ nǹkan kan, ojú bàbá mi láìsí gíláàsì ni mo máa ń rí: ẹ̀rù ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ló kún inú rẹ̀.